Oríkì Sìkírátù

"Àníkẹ́ mi, ṣé o ti jẹun?"

Sìkírátù rí ọ̀rọ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wọn ní Ṣómólú, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àníkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Gbàdàmọ́sí ọkọ rẹ̀ ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìyá Rilwan ni tàárọ̀, Ìyá Rilwan ni talẹ́. Ó ń wá fóònù tirẹ̀ kó lè dá ọkọ lóhùn, ni èsì bá yọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Mo ti jẹun, olólùfẹ́ mi. Ìwọ ńkọ́?"

Ẹ̀rín náà kú. Níní ni orúkọ tó wà lókè. Orí Wáàsáàpù kọ̀ǹpútà yìí ni àwọn oníbàárà ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí, Gbàdàmọ́sí ló sì so ó mọ́ fóònù ara rẹ̀. Àfi bíi pé ìfẹ́ ti ra ọkùnrin náà níyè, ó gbàgbé pé ohun tí òun bá tẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, iwájú ìyàwó òun ló ń yọ sí. Sìkírátù ń yí ojú ìwé náà lọ sókè, ó ń ka àwọn ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá. Gbogbo òwúrọ̀ ni Àníkẹ́, gbogbo alẹ́ ni Àníkẹ́. Owú ń jẹ ẹ́ dé egungun.

"Bàbá Rilwan!"

Gbàdàmọ́sí jáde wá, fóònù lọ́wọ́. Ó rí ojú kọ̀ǹpútà, ó dúró.

"Ta ni Níní?"

"Ọ̀rẹ́ lásán ni. Kàlábà ló ń gbé, ó kàn gbọ́ Yorùbá ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti pàdé. Mi ò fojú kàn án rí, ká má tíì sọ pé mo fọwọ́ kàn án. Èwo wá ni àgbèrè níbẹ̀?"

"Mi ò tíì dárúkọ àgbèrè o. Ẹ̀yin lẹ dárúkọ ẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi fún un ní oríkì mi?"

"Wọn ò ní oríkì nílùú wọn. Ó ní òun náà fẹ́."

"Ó fẹ́! Àbẹ̀kẹ́ ń bẹ, Àdùkẹ́ ń bẹ, Àjọkẹ́ ń bẹ. Èyí tí ìyá ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún nìkan lẹ rí fà yọ?"

"Ọ̀rọ̀ lásán ni, Ìyá Rilwan."

"Tó bá jẹ́ lásán, ẹ jókòó, ẹ kà á fún mi."

Ní ṣọ́ọ̀bù wọn, iṣẹ́ kankan kì í wọ ẹ̀rọ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ kà á sókè. Gbàdàmọ́sí a máa kà, Sìkírátù a máa fojú bá a lọ, a máa wá àṣìṣe. Obìnrin náà fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó fìka lé ìlà àkọ́kọ́ bí ìṣe rẹ̀.

Gbàdàmọ́sí wúkọ́. "Àníkẹ́ mi..." Ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Àníkẹ́ mi, láti ìgbà tí mo ti..."

"Ẹ máa kà á lọ. Mi ò tíì rí àṣìṣe kankan."

Kò lè kà á. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó pa gbogbo ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà ṣófo. "Ó ti tán," ó ní. "Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?"

Sìkírátù padà sídìí tábìlì, ó ń ká ìwé ìpè ìgbéyàwó tí oníbàárà ń bọ̀ wá gbé. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Nígbà tó ṣe, Gbàdàmọ́sí sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àníkẹ́," ó pè é jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra.

Díẹ̀ ló kù kí Sìkírátù dáhùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ìpè yẹn. Ó fi eyín di ètè rẹ̀ mú kó má bàa dáhùn.

"Ìyá Rilwan ni mí," ó ní. "Ẹ pe Níní lórí fóònù, kẹ́ ẹ gba orúkọ mi lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ sókè, kí n máa gbọ́. Tẹ́ ẹ bá gbà á tán, ẹ wá pè mí, màá jẹ́."

Gbàdàmọ́sí dúró síbẹ̀, ó ń wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Sìkírátù fa ìwé mìíràn, ó ká a.