Ilé Tó Wà Nínú Egungun

Màmá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin aránṣọ kan. Ó ti fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ títí tí irun orí rẹ̀ fi funfun, àfi bí abẹ́rẹ́ ṣe wá kàn án lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra o, ẹ má ran mí mọ́ bẹ́ẹ̀dì."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń ṣàìsàn. Mùdùnmúdùn inú egungun rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, kò bí ẹ̀jẹ̀ mọ́, bí kò bá sì rí ti ẹlòmíràn gbà, ikú ló kù. Ọmọbìnrin àbúrò náà ní òun á fún bàbá òun ní tòun, ṣùgbọ́n Màmá fàáké kọ́rí.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ta ló pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa kú? Tèmi ni wọ́n máa gbà. Ìwọ, máa lọ sílé."

Dókítà ní ọjọ́ ogbó máa ń ba mùdùnmúdùn jẹ́, kí àwọn kọ́kọ́ yẹ tirẹ̀ wò. Wọ́n fún un lóògùn oorun, wọ́n gún un ní egungun ìbàdí.

Kò pẹ́ tó fi bá ara rẹ̀ nínú ilé kan tó pupa rúsúrúsú, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò béèrè ibi tó wà. Ó mọ̀ pé inú egungun òun ni, bí èèyàn ṣe ń mọ ilé bàbá rẹ̀ lójú àlá.

Ilé náà ti gbó. Ọ̀rá ti kún ọ̀pọ̀ yàrá dé àjà. Ògiri tó yẹ kó máa sọ fún àwọn ìyá ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ń bí ẹ̀jẹ̀ nínú egungun, pé kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún dìde, ti yadi. Àwọn ìyá náà ń tòògbé káàkiri, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀jẹ̀ ń sáré kọjá, gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Ẹ̀rù ba Màmá.

"Ta ló bí gbogbo yín?"

"Èmi ni," ni ìyá arúgbó kan dáhùn láti igun ilé, kò gbójú sókè. "Ó ti rẹ àwọn yòókù. Bí mi ò bá ṣe é, ta ni yóò ṣe é?"

Màmá mọ ohùn yẹn. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ni. Ó fẹ́ bá a jà, àánú rẹ̀ ló ṣe é. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó ti rẹ ẹ̀yin náà, Ìyá."

Obìnrin náà bú sẹ́kún.

Nígbà tí Màmá jí, tí èsì àyẹ̀wò sì jáde, dókítà rọra ń wá ọ̀rọ̀ sọ. "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín tó ẹ̀yin lò. Ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ti rẹ àwọn yòókù. A ò lè gbé irú rẹ̀ fún aláìsàn, ó lè ṣe é ní jàǹbá."

Màmá ò jiyàn. Ó dùn ún, ó dùn ún wọ egungun, ṣùgbọ́n ó fa fóònù yọ, ó pe ọmọbìnrin náà.

"Ọmọ mi, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Wá fún bàbá rẹ ní tìrẹ. Èmi ni mo dí ọ lọ́nà, má bínú. Ìgbà wo lo lè dé?"

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ọmọbìnrin náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹ ní kí n lọ sílé, Màmá. Mi ò lọ."