Ìka Méjì Nínú Gáùn Funfun

Aránṣọ ni mí. Bí mo bá rán aṣọ fún ènìyàn, mo máa ń fi ìwọ̀n ìka méjì pamọ́ sínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, nítorí ara kì í dúró sójú kan, n kò sì fẹ́ràn kí aṣọ tó dára ṣòfò. Ìka méjì yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ mi.

Ọmọ náà ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ìyẹ̀fun tí wọ́n ní ó ń sọ ènìyàn di tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń pè ní Màdáámù Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, gbé aṣọ funfun fún mi pé kí n fi rán gáùn fún ọmọ mi, kí ó fún mọ́ ọn lára.

"Gáùn yìí ni òṣùwọ̀n wa," ó wí fún ọmọ mi. "Ọjọ́ tí o kò bá wọ inú ẹ̀ mọ́, o ò ní dúró níwájú oníbàárà mọ́ nìyẹn."

Lóṣù kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń po ife ìyẹ̀fun kan mu lójúmọ́, gáùn náà kò fẹ́ wọlé mọ́. Ọmọ mi ń sunkún níwájú dígí.

"Màámi, wọ́n á lé mi."

"Ta ló ń lé ẹni tó mọṣẹ́?"

"Ẹ ò mọ Màdáámù ni. Gáùn wa ni wọ́n ń kí káàárọ̀, kì í ṣe àwa."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Bó ṣe wọ balùwẹ̀, mo tú ẹ̀gbẹ́ gáùn náà, mo fi díẹ̀ nínú ìka méjì yẹn tún un rán kí ó fẹ̀, mo lọ̀ ọ́, mo sì gbé e kọ́ padà. Ó wọ̀ ọ́, ó fò sókè.

"Màámi, ó ń ṣiṣẹ́! Ìyẹ̀fun yìí ń ṣiṣẹ́ o!"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti la ẹnu. N kò là á. Lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tí kò tún fẹ́ wọlé, mo tún tú u.

Láti ọjọ́ náà, ife ìyẹ̀fun kan di mẹ́ta. Ó pa oúnjẹ ọ̀sán tì, ó sì pa ti alẹ́ tì. Bí mo bá gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, á tì í sọ́dọ̀ mi: "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, ẹ̀yin tí ẹ láyè nínú." Mo ní nígbà tiwa, bí ọmọge bá rù, wọn á bi ìyá rẹ̀ pé àìsàn wo ló ń ṣe é. Ó ní ìgbà tiwa ti lọ. Kò pẹ́ tí gáùn náà fi ń mì lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé fóònù sílé, mo sì mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo bá a níwájú obìnrin kan tó gbé ọmọ ọwọ́ mọ́yà.

"Èmi gan-an ni ẹ̀rí," ló ń wí. "Ẹ máa jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́."

"Ọmú tí mo ń fún ọmọ ńkọ́?"

"Kò séwu, mà. Ẹ ṣáà wo gáùn mi."

Kí n tó sọ̀rọ̀, ọmọ mi di etí tábìlì mú, ó sì ṣubú, agolo ìyẹ̀fun dà lé e lórí.

"Ẹ gbé e sẹ́yìn kíá!" ni Màdáámù wí. "Oníbàárà ń wò."

Nínú yàrá ẹ̀yìn, ó la ojú. "Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ẹ po ife kan fún mi."

N kò po nǹkan kan. Mo ṣí inú ẹ̀gbẹ́ gáùn náà, mo fi ìka rẹ̀ lé ihò abẹ́rẹ́ tó tò lọ nínú rẹ̀.

"Ibí ni mo ti kọ́kọ́ rán an. Ibí ni mo tú u dé. Mo tún tú u dé ibí. Ìyẹ̀fun yẹn kò ṣe nǹkan kan."

Ó fa ìka rẹ̀ kúrò. "Ẹ̀yin lẹ wá sọ mí di òpùrọ́?"

"Èmi ni."

Ó fara ti ògiri dìde. Mo rò pé ife ló ń lọ mú. Kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà yàrá náà ló fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin ọlọ́mọ náà ti ń tú pọ́ọ̀sì rẹ̀.

"Ẹ má rà á, mà. Ìyá mi ló tú gáùn mi. Ebi ló sì gbé mi ṣubú."

"Orí ẹ dàrú ni?" ni Màdáámù pariwo. "Bọ́ gáùn mi sílẹ̀!"

Aṣọ àwọ̀lékè mi ló wọ̀ délé. Mo gbé búrẹ́dì àti ẹyin síwájú rẹ̀.

"Kí ló tún kù tí ẹ fi pamọ́ fún mi?"

"Kò kù."

Ó jẹ búrẹ́dì dé ìdajì, ó ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kò kó àwo. Èmi tí n kì í jẹ́ kí oúnjẹ tutù lórí tábìlì, mo jókòó tì í títí ẹyin náà fi tutù. Nígbà tó pẹ́, ó na ọwọ́, ó sì fa àwo náà padà.