Eékún Hamdalah

Agolo mílíìkì òfìfo ni Hamdalah gbé sójú fèrèsé, tó wá ń fò sókè sódò níwájú rẹ̀ bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Ó fò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ orí sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n sọ lókò, ó wá pariwo mọ́ agolo náà pé, "Ópìn!" Agolo kò fèsì. Òun ló fi ṣe ojú ẹ̀rọ géèmù tuntun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Báyọ̀dé, nítorí apá rẹ̀ kò ká irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti rà á sílé. Ọ̀sán ọjọ́ yìí gan-an ni wọ́n sì fẹ́ fi mọ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ géèmù kan láàárín òun àti Olúwaníyì abánidíje rẹ̀.

"Hamdalah!" Bàbá rẹ̀ ló pè é láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Sà!" Kí ó tó ká kọ́tìnnì, eékún rẹ̀ ti kanlẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Ṣàfíù káfíńtà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bútà àlùwàlá lọ́wọ́. Kò rán an níṣẹ́. Ó kàn béèrè ìgbà tí nǹkan wọn yẹn máa bẹ̀rẹ̀ ni. Hamdalah ní bí wọ́n bá ti kírun Àìlà tán ni. Bàbá rẹ̀ mi orí, ó ní òun máa yọjú.

Ọkùnrin tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn rí o! Ilé àwọn aláìríṣẹ́ṣe ló máa ń pè é, tó bá sì ń kọjá lọ sí ìdí iṣẹ́, òdìkejì títì ló máa ń gbà. Inú Hamdalah dùn débi pé ó gbàgbé láti dìde, ibi tó kúnlẹ̀ sí náà ló wà tí bàbá rẹ̀ fi jáde lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Láyé pádì, ìyẹn nígbà tí ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ bọ́tìnnì géèmù, ẹ ò lè dé Ìkòtún kí ẹ má gbọ́ orúkọ Àtàńpàkò. Hamdalah ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin á ti Ìgandò wá, àwọn mìíràn á ti Ẹgbẹ́dá gun kẹ̀kẹ́ wá, kí wọ́n lè sọ pé àwọn bá a gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ, ìyà ni gbogbo wọn sì máa ń jẹ lọ. Ohun tó tilẹ̀ máa ń pa èrò lẹ́rìn-ín jù ni ti ìkíni rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá wọlé, Hamdalah á kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, á ní ẹ káàsán sà, á béèrè ìyàwó, á béèrè àwọn ọmọ, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun onítọ̀hún lọ́sẹ̀ tó kọjá, àtàńpàkò rẹ̀ méjèèjì kò sì ní kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kí ó tó dìde, ó ti jẹ góòlù. Pádì ò mọ̀ bóyá èèyàn kúnlẹ̀ tàbí ó dùbúlẹ̀, ọwọ́ nìkan ló mọ̀.

Òjò èṣí ni Báyọ̀dé gbé wàhálà tuntun dé. Kò sí pádì, kò sí bọ́tìnnì. Kámẹ́rà kékeré kan ló jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n tó ń ranjú mọ́ èèyàn, etí ẹ̀rọ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ inú géèmù fò, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa fò. Tí ẹ bá fẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí, ẹ máa fi ẹnu pàṣẹ fún un. Ẹ wo ìyà! Àwọn tó ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ di ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń di ìbàdí mú. Àwọn tí kò mọ̀ ju ijó lọ wá di ọ̀gá. Olúwaníyì yìí, oníjó ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn l'Ẹ́gbẹ́dá, tí Hamdalah ti nà bí ẹni lu bàrà láyé pádì, oṣù kan péré ló fi gba ìjókòó rẹ̀.

Ti ohùn tún wá burú jù. Ẹ̀rọ náà kò gbọ́ ẹnu ará Ìkòtún. Hamdalah á pàṣẹ títí, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Olúwaníyì á fa ohùn gba ihò imú bí òyìnbó, kíá, ó ti wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà eléré ló ṣépè fún Báyọ̀dé, wọ́n kọrí sí ìdí tẹ́tẹ́, wọn ò padà wá mọ́. Hamdalah kò lọ. Ó sunkún ní balùwẹ̀, ó nu ojú, ó ń di imú pàṣẹ fún agolo mílíìkì láràárọ̀ títí tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ọ. Kí ni ì bá tún ṣe? Ilé iṣẹ́ kan láti Lẹ́kí fẹ́ mú ẹnìkan ní agbègbè Ìkòtún tí yóò máa gbá géèmù fún wọn, yóò máa gbowó oṣù, yóò máa gbé lọ́dọ̀ wọn, tó bá dọdún tó ń bọ̀, wọ́n á gbé e lọ figagbága ní Nàìróbì. Ó ti parí ìwé ní Pólì, kò ríṣẹ́. Kò sí ohun mìíràn láyé tó mọ̀ ọ́n ṣe ju géèmù lọ.

Ó wá ku eékún. Gbogbo nǹkan ló kọ́ tán, eékún kò gbẹ̀kọ́. Bí àgbàlagbà bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, ara Hamdalah á ti wọlẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀, ẹ̀rọ á ní ó fẹ́ rákò, ọmọ inú géèmù á rá wọ kòtò. Ó so aṣọ pupa mọ́ orúnkún láti fi rán ara rẹ̀ létí. Pàbó. Níkẹyìn Báyọ̀dé gbé bẹ́ǹṣì síta, ó ní àgbàlagbà tó bá dé, ibẹ̀ ni kó jókòó sí títí eré á fi parí. Ṣé ẹ máa dá Hamdalah lẹ́bi? Kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa ni bàbá rẹ̀ ti ń fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ wẹ́rẹ́, pé báyìí ni wọ́n ṣe ń kí èèyàn.

Òun fúnra rẹ̀ ló tún fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún bàbá rẹ̀ nídìí èbà lọ́jọ́ kan. Ó ṣe bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é hàn án, ó ṣubú sórí ẹní. Ṣàfíù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà tí Mọ̀dínátù ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí Abdulganiyy àkọ́bí rẹ̀ sì ti gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà, tó fi jẹ́ pé ohùn rẹ̀ nìkan ló kù lórí fóònù, tí ìyẹn náà sì ti ń ṣọ̀wọ́n, kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá béèrè pé, tó bá wá jẹ́ òun ló wọlé ńkọ́?

"Ẹ̀yin kẹ̀?" ni Hamdalah wí. "Ó ti parí nìyẹn, Bàbá."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n kírun Àìlà tán, ṣọ́ọ̀bù Báyọ̀dé kún dẹ́nu. Ẹni tí ilé iṣẹ́ rán wá, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ bàtà funfun, jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ní ẹni tó bá mú méjì nínú mẹ́ta ló ni ín, ohun tí ẹ̀rọ bá sì ti kọ sílẹ̀ ni abẹ gé. Olúwaníyì ló mú ti àkọ́kọ́, ó jó o ni, kò gbá a. Hamdalah mú ìkejì. Ní ẹ̀kẹta, nǹkan kan wọ inú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba pádì lọ́wọ́ rẹ̀, kò ronú kó tó fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ́ bí àtàńpàkò ṣe ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ó pàṣẹ, ilẹ̀kùn ṣí. Ó pàṣẹ, òmíràn ṣí. Ó fi Olúwaníyì sẹ́yìn pátápátá, ó sì ku kòtò kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí kígbe Àtàńpàkò, wọ́n ń lu ògiri. Ó ṣẹ́ itan rẹ̀ láti fò.

"Hamdalah."

Bàbá rẹ̀ kò pariwo. Bó ṣe máa ń pè é fún omi àlùwàlá ló ṣe pè é, láti ẹnu ọ̀nà.

"Sà!"

Eékún kan ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ọmọ inú géèmù ká jọ, ó rọra rá wọ kòtò. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Ẹgbẹ́dá gbé Olúwaníyì lé èjìká.

Hamdalah bẹ ọ̀dọ́kùnrin ará Lẹ́kí náà, ó bẹ̀ ẹ́ débi pé ó tún kúnlẹ̀ fún un, ọmọdé tó ṣeé ṣe kí òun jù lọ́jọ́ orí. Onítọ̀hún ní ó dun òun, ẹ̀rọ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti padà síta. Báyọ̀dé fa Hamdalah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nídìí jẹnẹrétọ̀, kò wo ojú rẹ̀.

"Mo sọ fún Bàbá o," ló wí. "Láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kó parí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́."

"Wọn ò mọ̀ ni," ni Hamdalah dáhùn.

Báyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí ká wáyà.

Lójú ọ̀nà ilé, Ṣàfíù ra bọ́ọ̀lì fún un, èyí tó tóbi jù lórí iná. Gbogbo ojúlùmọ̀ tí wọ́n bá pàdé ló ń dá dúró, tó ń ròyìn fún pé ọmọ òun wà lẹ́nu ohun ńlá, òun dé, ọmọ fi í sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún òun. Ó ní ẹ̀kọ́ ilé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Wọ́n ń yin Hamdalah, ó ń kúnlẹ̀ fún wọn, bọ́ọ̀lì ń jó o lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ fúyẹ́ nílẹ̀. Láti ọjọ́ tí Abdulganiyy ti lọ, kò rìn báyìí. Ibẹ̀ ni Hamdalah ti rántí ẹ̀rín ìdí èbà, àti ìbéèrè tó tẹ̀lé e. Òwe kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì, nítorí ọmọ kì í pa irú òwe yẹn fún bàbá rẹ̀.

"Bàbá," ló wí nígbà tí wọ́n yà sí àdúgbò wọn, "kí lẹ fẹ́ sọ tí ẹ fi pè mí?"

Ṣàfíù dúró. Ó wo igi tí wọ́n tò síwájú ìsọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá èyí tó wọ́.

"Mo kàn pè ọ́ ni," ló wí. Ó wá fi kún un, ní ohùn tó lọ sílẹ̀, pé ilé yìí ti tóbi ju òun nìkan lọ.

Hamdalah kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó wọ yàrá, ó gbé bọ́ọ̀lì sílẹ̀ láìjẹ, ó sọ agolo mílíìkì gba ojú fèrèsé. Inú ń bí i gidigidi. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ó sì búra pé tó bá tún pe òun báyìí, òun kò ní jẹ́, òun kò ní dìde, kó máa pè títí. Ó gbọ́ tí bútà dún nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ húkọ́.

"Hamdalah."

"Sà," ni ẹnu rẹ̀ wí, eékún rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ kí ó tó rántí pé òun ń bínú.