Màámi Gbé Ríìmù Rù

Fúnkẹ́, jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ọ kí n tó gbàgbé. O mọ̀ pé mo fẹ́ pààrọ̀ ríìmù àti táyà ọkọ̀ kékeré tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, kó lè fúyẹ́, kó má máa jẹ epo jù. Lójú àlá, èmi àti màámi lọ rà á, àmọ́ inú ilé ìdáná wa ní Ìṣẹ́yìn ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Kò yà mí lẹ́nu rárá.

Ọkùnrin tó ń tà á ní, "Ẹ mú èyí tó ń dán yìí."

Màámi ní kó dúró ná. Ó fi ìborùn rẹ̀ ká òṣùká, ó gbé ríìmù náà rù, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. "Èyí wọ̀ mí lọ́rùn jù." Ó gbé òmíràn, ó tún rìn. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta, ó rẹ́rìn-ín. "Àbíkẹ́, eléyìí ni. Kò wúwo ju igbá lọ. Kí wọ́n fi táyà tó nípọn sí i, kí kòtò ojú ọ̀nà má baà máa jìn ọ́ lẹ́sẹ̀."

Fúnkẹ́, o mọ̀ pé màámi ò tíì dá rìn láti ìgbà tó ti ṣubú. Mo jí, omi lé ròrò sí mi lójú, mi ò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni. Mo pè é láàárọ̀ yìí, mo rò ó fún un. Kò béèrè ohunkóhun nípa ríìmù. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, ṣé mo rìn dáadáa?"

Mo ní, "Ẹ rìn dáadáa, Màámi."