Ìró Mẹ́ta Lórí Òṣùwọ̀n

Àlàájà, ìyàwó mi, ti gbé ẹsẹ̀ kan lé òṣùwọ̀n kí nọ́ọ̀sì tó ní kí ó dúró, kí ó kọ́kọ́ bọ́ ìró rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ náà kalẹ̀.

Mẹ́ta ni ìró náà, ọ̀kan lórí èkejì. Láti ìgbà tí àìsàn ti mú un ló ti ń ró o bẹ́ẹ̀, kí ìdí rẹ̀ lè kún lójú ẹni tó bá ń wò ó. Obìnrin kan láti Ilé-Ogbó, tí wọ́n jọ ń ṣe àsàlátù, wà lórí bẹ́ǹṣì níta aṣọ ìkélé. Àlàájà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ó ní kí nọ́ọ̀sì kọ kílò méjìléláàádọ́rin, bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n kí ó tó lọ sí Mẹ́kà. Iye yẹn náà ló sọ nígbà tí a dé. Òun ni wọ́n fi ní kí n ra ìgò abẹ́rẹ́ márùn-ún.

Nọ́ọ̀sì náà, Oyèdàmọ́lá, ọmọ Kuta, kò bá a jà. Ó kúnlẹ̀ tì í. Ó ní bí ara ènìyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n ń fa abẹ́rẹ́ náà. Bí ó bá kéré, àìsàn kò ní lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè sọ ènìyàn di adití.

"Àlàájà, ara yín ni mo fẹ́ wọ̀n. Ìró kì í ṣàìsàn."

"Bí obìnrin tó wà níta yẹn bá rí mi báyìí," ni ìyàwó mi wí, "kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sin mí ní Ilé-Ogbó."

Nọ́ọ̀sì fa aṣọ ìkélé dé ara ògiri. Àlàájà wò mí. Mo bá a tú àwọn ìró náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku yẹ̀rì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á dúró mọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n pọ̀n ọ́n gun òṣùwọ̀n, lẹ́yìn náà kí èmi nìkan gùn ún, kí a yọ tèmi kúrò. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo kó agbára jọ bí ẹni tó fẹ́ gbé àpò gàrí. Agbára náà pọ̀ jù. Díẹ̀ ló kù kí n forí sọ ògiri.

"Ẹ rọra," Àlàájà wí létí mi. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń pọ̀n ọmọ nìyí?"

"N kò pọ̀n ọmọ rí."

"Ó hàn."

Àwa méjèèjì jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún. Èmi nìkan, mọ́kànlélọ́gọ́ta. Nọ́ọ̀sì kò sọ èyí tó ṣẹ́kù sókè. Ó kọ ọ́, ó fi hàn wá. Ogójì.

Mo mọ̀ pé ó ti rù. N kò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fa ìgò kìíní tán, ó fa èkejì, ó fa ààbọ̀ ẹ̀kẹta. Ó gún un. Lẹ́yìn náà ó di aṣọ ìkélé mú títí mo fi bá Àlàájà ró ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà.

Nígbà tí a jáde, obìnrin Ilé-Ogbó ní ara Àlàájà ti ń padà bọ̀ sípò. Àlàájà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgò méjì kù lápò mi tí a kò ṣí.