Ife Tíì àti Ojú-Ooru

"Ẹ dán an wò lójú mi," ni opó kan wí, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan kalẹ̀ lórí tábìlì ọ̀gá wa, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó bí àgbébọ̀ tó rí àṣá.

Ojú-ooru ni àwa òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ń pe ẹ̀rọ náà. Bí nǹkan bá ń gbóná níwájú rẹ̀, kí èéfín tó rú rárá, ó yẹ kó tan pupa kó sì ké. Ara ògiri kan tó ṣẹ́kù nínú ilé ìkẹ́rù òwú tí ọkọ opó náà ń ṣọ́ ló ti yọ ọ́. Ilé náà jóná, ọkọ rẹ̀ bá a lọ. Àwọn olówùú ní ṣe ni ọkùnrin náà sùn. Nítorí náà, kí opó rẹ̀ kó kúrò nínú ilé tí wọ́n fi wọ́n sí kó tó di alẹ́ Sátidé, tòun tọmọ mẹ́ta.

"Ìyá wa, ẹ ṣe sùúrù," ni ọ̀gá wí. "Ẹ̀rọ ò lè jí ẹni tó sùn bí igi."

"Ọkọ mi? Eku kì í sín nínú àjà kó má dìde!"

Má-Dúró ni a sọ ọ̀gá, nítorí ọ̀rọ̀ náà ló fi ń kí wa láràárọ̀. Lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tí kì í wá ojú-ooru: ilé ìwòsàn ń fi wá ẹni tí ibà mú, ilé iṣẹ́ irin ń fi ṣọ́ ẹ̀rọ, àwọn olóko ńlá náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá máa fọwọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ní láti kọ́kọ́ gbé ife tíì gbígbóná síwájú rẹ̀, kó rí i pé ó tan. Nígbà tí ọjà gbóná, tíì wa ló kọ́kọ́ tutù. À ń jókòó fọwọ́ sí bébà pelebe lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, ẹlòmíràn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ. Alábẹ̀wò ìjọba ní tirẹ̀ máa ń mu tíì náà tán, á tẹ òǹtẹ̀ sí páálí tí a kò ṣí. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ife lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn," ni Má-Dúró wí.

"Rárá o, ọ̀gá. Ohun tó bá wọ yàrá ẹ̀yìn, ó lè di nǹkan mìíràn kó tó jáde."

Mo bu tíì, mo gbé e síwájú ẹ̀rọ. Oru rẹ̀ bo ojú ẹ̀rọ náà. Kò tan.

"Iná ló bà á jẹ́," ni Má-Dúró sáré wí.

Opó náà nàka sí àwọn páálí ẹnu ọ̀nà, tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń bọ̀ wá kó lópin ọ̀sẹ̀. "Àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́? Iná ti jó àwọn náà?"

Kò dúró gbàṣẹ. Ó fa ọ̀kan ya. Mo gbé ife síwájú ẹ̀kíní, mo gbé e síwájú ẹ̀kejì. Nǹkan kan ò pọ́n àfi ojú Má-Dúró.

Obìnrin náà dojú ẹ̀rọ kan dé. "Àbúrò, ta ló fọwọ́ sí èyí?"

Mo rí ìfọwọ́sí ara mi níbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, n kò mọ̀ ọ́n."

Ó wò mí pẹ́. "Ó dáa," ló wí, ó sì jáde.

Kò tíì dé géètì tí Má-Dúró fi gbé ìwé kan síwájú mi, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn olówùú: a dán ojú-ooru ilé ìkẹ́rù wò, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo fọwọ́ sí i. Alábẹ̀wò gbé ife rẹ̀ kúrò kó má baà ro sórí bébà, ó tẹ òǹtẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n rán mi wá sí òkè òkun yìí láti máa bá wọn tajà. Ibí ni mo darúgbó sí. Ṣùgbọ́n ní Sátidé yẹn, ojú fèrèsé ni mo wà nígbà tí opó náà gba iwájú ilé iṣẹ́ wa kọjá, fóòmù kíká lórí, ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń jáde bọ̀ ní géètì pẹ̀lú páálí wa. Opó náà dúró, ó sì ní kí àwọn ọmọ yà lọ́nà fún ọkọ̀ náà.