Ẹfọ̀n Òkè Gogoro

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n fẹ́ finá sí Òkè Gogoro, Nathaniel Ògúntóyè gbé àpótí ìjókòó kan lọ sí àárín ọ̀nà oko, ó jókòó lé e, ó gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì rẹ̀ lé itan, ó sì ń jẹ ẹ̀pà. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kì í jẹ́ kó tètè dìde mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní oríkèé kankan tó ń dùn ún.

Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni oko kòkó Jùmọ̀kẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ti bẹ̀rẹ̀, láti ẹsẹ̀ òkè títí dé etí odò tó ti gbẹ. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Jùmọ̀kẹ́ fi tọ́ kòkó náà lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, òun náà ló sì fi tọ́ ọmọ mẹ́ta jáde ní yunifásítì. Ọyẹ́ ti mú gbogbo ewé ilẹ̀ gbẹ wáráwárá. Bí iná bá kan ìsàlẹ̀ òkè yẹn, kí èèyàn tó pe Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mejì, oko ti tán.

Iwájú rẹ̀ ni àwọn ọdẹ Ìkòrò dúró sí, bí ogún, pẹ̀lú ògùṣọ̀ àti gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì. Òjó ló ṣáájú wọn. Òjó ni Olúọdẹ, ọkùnrin abàyà gbàǹgbà tó jẹ́ pé bó bá kí ọ ní ẹ kú àárọ̀, àfi bíi pé ó ń pàṣẹ fún ọ.

“Tísà, ẹ dìde níbẹ̀,” ni Òjó wí. “Ẹ̀jẹ̀ ọmọ èèyàn ló ta sílẹ̀. A ò lè tìtorí kòkó fi ẹran burúkú sílẹ̀.”

Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ẹfọ̀n kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá jáde láti ẹ̀yìn àpáta, ó sì pa Bọ́lájí níbi tó ti ń kọ ebè ní ẹsẹ̀ òkè. Bọ́lájí yìí ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Màmá Abigail bí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti rí ẹfọ̀n gbẹ̀yìn ní agbègbè náà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin Bọ́lájí sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ẹ̀bá sàréè náà sì ni Òjó ti búra pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ní ṣú bá Òkè Gogoro láìjó. Gbogbo ìlú ní bẹ́ẹ̀ ni. Nathaniel nìkan ló ní rárá, wọ́n sì wò ó bí ẹni tó tọ̀ sílé àna.

“N ò ní dìde,” ni Nathaniel wí, ó ju ẹ̀pà mìíràn sẹ́nu. “Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sun òkè yìí, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ sun. Mo ti gbẹ dáadáa, n ò ní fi kẹrosíìnì yín ṣòfò.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín wọn, ó sì yára fi ikọ́ bò ó.

“Ọ̀nà àwọn baba wa nìyí,” ni Òjó wí. “Ẹran tó bá sá wọ àpáta, uná la fi í pè é jáde. Ẹ̀yin Ọdẹ Oníyanrìn ò lè mọ̀.”

Orúkọ tí wọ́n fún un nìyẹn láti ọdún tó ti fẹ̀yìn tì padà wálé. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Nathaniel fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ìlú kan lókè Ọya lọ́hùn-ún, ní etí aṣálẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba họlidé, yóò bá àwọn ọdẹ ibẹ̀ wọ ilẹ̀ tí kò ní igi, ilẹ̀ àpáta tí ń ya bàtà, tí oòrùn ti ń sè èèyàn látòkè, tí yanrìn sì ń yan án nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pa àgbò orí àpáta tí ìwo rẹ̀ ká kọ́ńdọ́ lọ sẹ́yìn, àti ìgalà ńlá tó ga tó ẹṣin. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá sọ ọ́ ní Ìkòrò, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín. Ibi tí kò sí igbó, ọdẹ kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ṣé alángbá ni wọ́n ń lé kiri? Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ kò dùn sí i lọ́jọ́ kan rí.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. “Ó dáa. Ọdẹ Oníyanrìn fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹfọ̀n tí ara rẹ̀ dá, bó bá gbóòórùn èèyàn, ṣé kì í ya ọ̀nà tirẹ̀ lọ ni? Èyí tó bá lúgọ sẹ́yìn àpáta tó ń retí ọmọ èèyàn, ọgbẹ́ ń bẹ lára rẹ̀. Ta ló yìn ín níbọn tí kò tọ̀ ọ́ lẹ́yìn?”

Gbogbo wọn ló mọ òfin. Ọdẹ tó bá ṣe ẹran ńlá léṣe gbọ́dọ̀ tọ̀ ọ́ títí yóò fi kú. Bí ẹ̀rù bá bà á, kó wá sọ fún ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n fi màrìwò dí ọ̀nà oko. Kò sí ẹni tó ń fi ọdẹ ṣẹ̀sín bó bá sọ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́ ni apànìyàn.

“Kò sí ọdẹ Ìkòrò tó jẹ́ ṣe irú ẹ̀,” ni Òjó wí, ó sì yíjú sí àwọn tó di ògùṣọ̀ mú. “Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.”

Wọ́n ti ń bọ̀ nígbà tí Màmá Abigail dé pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lára rẹ̀. Àwọn ọdẹ yà fún un. Ó wo kẹrosíìnì, ó wo Nathaniel.

“Bí uná bá jó o di eérú,” ni ó wí, “kí ni èmi ó wá rí? Mo fẹ́ fi ojú mi méjèèjì rí ohun tó pa ọmọ mi. Ẹ fún Tísà di ọ̀sán.” Ó wá tẹjú mọ́ ọn. “Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá kan àtàrí tí n kò gbọ́ ìró ùbọn yín, Tísà, ọwọ́ ara mi ni n ó fi ṣáná sí i.”

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kò sí ẹni tó lè bá ìyá olóòkú jiyàn, Òjó pàápàá kò tó bẹ́ẹ̀.

Jùmọ̀kẹ́ sáré tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ìdí kòkó tó kẹ́yìn, ó sì di apá aṣọ rẹ̀ mú. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó jó. Mo gbà. Kòkó ò tó ẹ̀mí yín.”

“Èmi ò gbà,” ni Nathaniel wí. “Ìwọ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọn ò ní fi oko rẹ bo ìtìjú ara wọn.” Ó gba ike omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń lọ.

Ẹ̀rù bà á o. Ẹni tó bá ní ẹ̀rù ẹfọ̀n tó fara gbọgbẹ́ kò ba òun, irọ́ ló ń pa, kí ẹ má yá a lówó. Ṣùgbọ́n ìbínú tó ń gbé Nathaniel gòkè ju ẹ̀rù lọ.

Kò wá ipasẹ̀ kankan. Ọ̀nà àwọn ọdẹ inú igbó nìyẹn: wọn a máa tọ ẹsẹ̀ ẹran wọ inú igbó ṣíṣú, wọn a sì bá a pàdé níbi tó bá wu ẹran. Lórí àpáta, ipasẹ̀ kì í hàn. Àgbà ọdẹ tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní aṣálẹ̀ máa ń sọ fún un pé ẹran lè sá fún ọdẹ, kò lè sá fún òùngbẹ. Má lé e. Lọ síbi omi, kí o jókòó dè é.

Gbogbo odò ẹsẹ̀ òkè ló ti gbẹ. Ẹfọ̀n sì gbọ́dọ̀ mu omi lójoojúmọ́, pàápàá èyí tí ọgbẹ́ ń mú ara rẹ̀ gbóná. Nathaniel dúró, ó wòkè. Gbogbo koríko orí òkè ló ti pọ́n, àfi igi ọ̀pọ́tọ́ kan tó wà ní abíyá òkè, tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nínú ọyẹ́. Igi kì í tutù báyẹn lásán. Ó bu eruku ilẹ̀, ó tú u sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Àríwá ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ó yí gba gúúsù, níbi tí àpáta ti gún jù, kí òórùn rẹ̀ má baà ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó sì ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá pálá gòkè. Orúnkún rẹ̀ bú u ní gbogbo èdè tó gbọ́.

Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kò ju ọpọ́n ìfọṣọ kan lọ, ó ń ṣun láti abẹ́ àpáta, pátákò ẹran sì ti po etí rẹ̀ di ẹrẹ̀. Nathaniel dojú bolẹ̀ sórí òkúta kan ní apá òkè rẹ̀. Òkúta náà gbóná. Oòrùn ń gòkè. Ó gbọ́ ohùn àwọn èèyàn nísàlẹ̀, ó sì mọ̀ pé wọ́n ń wo ojú ọ̀run bí òun náà ṣe ń wò ó.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀sán nígbà tí ẹfọ̀n náà dé. Ó dúdú, ó tóbi, ó ń tiro. Eṣinṣin bo èjìká rẹ̀ òsì, òórùn ọgbẹ́ náà sì dé imú Nathaniel kí ẹran tó dé ìdí omi. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ẹran yìí ti ń jẹrà láàyè láti ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé ẹnì kan kò ní ìgboyà láti parí ohun tó bẹ̀rẹ̀.

Ó yìn ín. Ẹfọ̀n náà kúnlẹ̀, ó sì dìde. Ó rí i. Ó sáré gun òkúta bọ̀ bíi pé kò fara pa rí, Nathaniel kò sì lè dìde, orúnkún rẹ̀ ti kọ̀ jálẹ̀. “Máa bọ̀ nígbà náà!” ni ó pariwo mọ́ ọn. “Èmi ò lọ síbì kankan!” Ó dè é títí ó fi rí itọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì fa ẹnu ìbọn kejì. Ẹfọ̀n náà wó lulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwo rẹ̀ gbún òkúta tí Nathaniel sùn lé. Nathaniel yọ ọ̀bẹ, ó tú èjìká tó jẹrà náà, ó sì yọ ègé róòdù kan jáde, tí alágbẹ̀dẹ ti gé tó sì ti fi òòlù lù di róbótó.

Ọdẹ kan ló ni irin náà. Ṣùgbọ́n bó bá bi wọ́n pé ta ni, wọn yóò sẹ́ títí ọ̀la. Nathaniel ronú nípa àwọn ọdẹ Ìkòrò, nípa ohun tí wọn kì í lè gbé mì, ó sì jókòó dè wọ́n.

Wọ́n gba ọ̀nà tó tẹ́jú gòkè wá, àwọn ọdẹ, Jùmọ̀kẹ́, Màmá Abigail àti ìdajì ìlú. Jùmọ̀kẹ́ bú sẹ́kún nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàyè. Màmá Abigail dúró ti ẹran náà, ó ń wò ó.

Nathaniel gbé ẹsẹ̀ lé ìwo ẹfọ̀n. “Ẹran di ti ìlú,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ di tèmi. N ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ mi, n ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ọdẹ Oníyanrìn ló pa á nígbà tí àwọn ọdẹ Ìkòrò ń wá ìṣáná.”

Àwọn ọdẹ kùn. Orí ẹfọ̀n! Bàbá Òjó gbé ọ̀kan wọ̀lú rí, títí di òní ni wọ́n sì fi ń ki ìdílé wọn. Òjó fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan kan lára ògiri ju ìwo ìgalà méjì lọ.

“Mo mọ òfin,” ni Nathaniel tún wí, ó na irin náà sókè. “Ẹni tí ọta rẹ̀ bá kọ́kọ́ wọ ẹran ló ni orí, ẹni yòówù kó pa á. Irin yìí ni mo bá ní èjìká rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ni ín, ẹ fún mi ní àáké.”

Ó fi ẹsẹ̀ ti orí náà díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe wúwo tó.

“Ẹ fi orí yẹn sílẹ̀!” Òjó fò jáde, ó ń lu àyà. “Èmi ni mo ni ọta yẹn! Ẹ bi alágbẹ̀dẹ! Ẹ̀yìn àpáta ìsàlẹ̀ ni mo ti ta á, ó dojú délẹ̀, ó tún dìde. Èmi ọmọ apẹfọ̀n! Kò sí oníyanrìn tó lè gba orí mọ́ mi lọ́wọ́!”

Ó ṣì ń lu àyà nígbà tí Màmá Abigail bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé, “Olúọdẹ, ọjọ́ wo ni?”

“Ọjọ́ Ajé, nígbà tí mo...”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sórí àyà rẹ̀. Ní Ọjọ́rú, Bọ́lájí gba ọ̀nà tí kò ní màrìwò kankan lọ sí oko.

Ẹni tó di gálọ́ọ̀nù mú gbé e sílẹ̀. Nathaniel gba àáké, ó gé orí náà fúnra rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ yí i lọ síwájú Òjó. “Kò sẹ́ni tó bá ọ du ú. Ẹni tó ni orí ló ń rù ú wọ̀lú. Gbé e.”

Òjó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e dé orúnkún. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀, èèyàn kan kì í dá a gbé ru ara rẹ̀. Ó wo ọdẹ tó wà lápá ọ̀tún, onítọ̀hún ń wo àpáta. Ó wo ti apá òsì, ìyẹn ń wo ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹran ń kán sí i lẹ́sẹ̀, kò sì sí ẹni tó sún mọ́ ọn.

Màmá Abigail ló sún mọ́ ọn. Ó so gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá abẹ́ ìwo kan mú, ó sì bá a gbé e rù.

“Máa lọ níwájú,” ni ó wí. “Ulé mi la ó kọ́kọ́ yà.”